Ọmọ Òrukàn Láti Inú Oyún Dé Ọdún Mẹ́ta: Àkókò Tí Ìrànwọ́ Wa Kì Í Tètè Dé

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó fi ìkẹ́ ọmọ sínú ọkàn ìyá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó ti di ọmọ òrukàn kí wọ́n tó bí i, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti àsìkò yìí dá lé orí ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo owó tí ẹ ń fi lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyà tí ó bá jẹ ọmọ láti inú oyún títí dé nǹkan bí ọdún 3 máa ń wọ inú ara àti ọpọlọ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń ṣòro láti yọ jáde lẹ́yìn náà. Àwa nínú ẹgbẹ́ yìí sì rèé, ìgbà tí ọmọ òrukàn bá pé ọdún 6 ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ sí ilé opó kan láti fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní aṣọ iléèwé àti ìwé. Ọmọ ọdún 8 ni ọmọbìnrin náà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé wa. Bí a ti ń ya fọ́tò lọ́wọ́, a rí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ti pé ọdún 2. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde wá wo ohun tí a gbé wá, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ọmọdé máa ń sáré pàdé àlejò tí ó bá gbé ọ̀rá dání. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ọmọ oṣù 2 péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń jáde lọ kiri ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ògì lásán ni ọmọ ń mu láàárọ̀, òun náà ni ó ń mu lálẹ́. Wọ́n ní kì í yọ ìyá àgbà lẹ́nu rárá. A yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. A gbàdúrà fún wọn, a sì lọ.

Nígbà tí ó pé ọdún 6, a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin wa. A san owó iléèwé rẹ̀, a ra báàgì àti bàtà fún un. Kò pẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa pé kò mọ lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ tán, pé kò lè jókòó gbọ́ ìtàn dé òpin, àti pé bí wọ́n bá bá a wí, ńṣe ni ó máa ń dákẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní ilé-kéú, bákan náà ni. Ẹnì kan nínú wa sọ ní ìpàdé pé olódo ni ọmọ náà, pé kí a má fi owó sàká ṣòfò lórí rẹ̀. A wà níbẹ̀, a kò sì fèsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wá títí di òní, nítorí a ti rí ọmọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí ó wà ní ọdún 2, ọdún 4 sì kọjá kí a tó padà wá wò ó.

IGBE ỌMỌ TÍ SÁYÍDÍNÀ UMAR GBỌ́

Ìtàn kan wà tí Ibn Sa'd gbà wá nípa Sáyídínà Umar ọmọ Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ní àsìkò ìjọba rẹ̀, ó máa ń fún àwọn mùsùlùmí ní ìpín láti inú àpò ìjọba, Baytul-māl. Ọmọ tí wọ́n bá ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tí ó ní ìpín. Ọmọ tí ó ń mu ọmú lọ́wọ́ kò ní tirẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò kan dé sí Mọ̀dínà, wọ́n sì sùn sí ìta. Umar àti Abdur-Rahmān ọmọ Awf lọ ń ṣọ́ wọn kí olè má bàa jà wọ́n. Umar gbọ́ igbe ọmọ kan. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó tún gbọ́ igbe náà, ó sì tún lọ. Nígbà tí ó lọ bá a lẹ́ẹ̀kẹta ní ìgbẹ̀yìn òru, ó bá obìnrin náà wí pé ìyá tí kò dára ni. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó dá a lóhùn pé ńṣe ni òun ń fi ipá gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà, nítorí Umar kì í fún ọmọ ọmú ní nǹkan kan. Umar béèrè iye oṣù ọmọ náà, ó sì rí i pé kò tíì tó àsìkò.

Ní àárọ̀, Umar ṣíwájú ìrun àsùbá. Ẹkún kò jẹ́ kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ kéwú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó kírun tán, ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún iye ọmọ mùsùlùmí tí òfin òun ti lè pa. Ó ní kí wọ́n kéde pé kí ìyá kankan má ṣe kánjú gba ọmú lẹ́nu ọmọ mọ́, pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí ọmọ sínú Islām ni yóò ti ní ìpín tirẹ̀. Ó sì kọ̀wé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń pín owó ẹlòmíràn. Umar kò ní ìkà lọ́kàn nígbà tí ó ṣe òfin àkọ́kọ́. Òfin náà rọrùn láti tẹ̀ lé, ó sì mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ibi tí ó fi ààlà sí ni ó pa àwọn ọmọ tí ó kéré jù lára, ẹnikẹ́ni kò sì rí i, nítorí ọmọ ọmú kò lè wá sí ọ́fíìsì wá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Òfin ọdún 6 tiwa náà kò ní ìkà nínú. A ṣe é nítorí pé owó iléèwé ni a mọ̀ pé ó ń wọ opó lọ́rùn. Àbí igbe tí Umar gbọ́ kò ti ń dún ní àdúgbò wa láti ọjọ́ yìí?

ÀLÙKÙRÁNÌ ÀTI ỌMỌ ỌMÚ

Nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ̀ 233, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún 2 gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pé. Ó fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá náà sí ọrùn bàbá ọmọ, níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Lẹ́yìn náà ni Ó sọ pé irú ẹrù yẹn wà lórí ajogún pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tafsīr ṣàlàyé pé bí bàbá bá kú, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ kú: ẹni tí ogún tọ́ sí ni bùkátà ọmọ tọ́ sí. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí Ọlọ́hun gbà ṣètò rẹ̀. Ìyá ni Ó pàṣẹ pé kí a bọ́, kí a sì wọ̀ láṣọ, kí ọmọ lè rí ọmú mu ní àyà rẹ̀. Àwọn oníṣègùn àgbáyé náà ń gba ìyá nímọ̀ràn pé kí ó fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6, kí ó sì máa fún un ní ọmú mọ́ oúnjẹ mìíràn títí dé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ogún. Bí ọkùnrin bá kú tí ó sì fi aya rẹ̀ sílẹ̀ nínú oyún, òfin ẹ̀sìn wa ni pé kí a yọ ìpín ọmọ inú oyún náà sọ́tọ̀ títí wọ́n yóò fi bí i. Bí ogún bá lè dúró de ọmọ tí a kò tíì rí ojú rẹ̀, kí ló dé tí ìrànwọ́ wa kò lè dúró dè é?

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò mọ bàbá rẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ènìyàn ni ó ti dé ọwọ́ ènìyàn: Halīmah fún un lọ́mú, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Āminah, ìyá náà kú nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, bàbá bàbá rẹ̀ Abdul-Muttalib gbà á, lẹ́yìn náà ni Abū Tālib gbà á. Kò sí ìgbà kankan tí kò ní ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí òun náà dàgbà, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ Umāmah lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kírun, gẹ́gẹ́ bí Bukhārī àti Muslim ti gbà á wá. Nígbà tí al-Aqra' ọmọ Hābis sọ pé òun bí ọmọ 10, òun kò sì fẹnu ko ìkankan wọn lẹ́nu rí, Ànábì fi yé e pé ẹni tí kì í ṣàánú, a kì í ṣàánú rẹ̀. Gbígbé ọmọ mọ́ra wà nínú ẹ̀sìn, ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ORÍ ỌMỌ

Ọpọlọ ènìyàn kì í dàgbà ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ọmọ bá fi pé ọdún 2, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 5 ti àgbàlagbà. Àkókò yìí ni àwọn okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú ọpọlọ ń so mọ́ ara wọn ní kánmọ́kánmọ́. Ohun méjì ni ó ń so wọ́n: oúnjẹ tí ó ń kọ́ ara, àti ohun tí ọmọ ń rí, tí ó ń gbọ́, tí ó ń fọwọ́ kàn. Nígbà tí ọmọ bá wúrúwùrú sọ̀rọ̀ tí ìyá sì dá a lóhùn, tí ó bá rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín padà, okùn kan ń le nínú orí rẹ̀. Okùn tí a kò bá lò a máa já.

Oúnjẹ tí kò tó àti ìgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́ máa ń dá ara dúró. Ara á kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba tí ó rí gbé ẹ̀mí ró, ìdàgbà á sì dúró dè é. Ọmọ á wá kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àwọn ìdílé ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn 37 ni gíga wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024, wọ́n tó 40. Ọmọ tí ó kúrú bẹ́ẹ̀ lè má rù rárá. Ìdí nìyí tí a fi máa ń wò ó tí a sì máa ń sọ pé bóyá bàbá rẹ̀ ni ó kúrú.

Ẹ̀rù náà ní tirẹ̀. Bí ọmọ bá sunkún tí ẹnì kan bá gbé e, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí ó bá sunkún lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, omi ara tí Ọlọ́hun dá fún ìgbà ewu, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cortisol, lè má rọlẹ̀ bí ó ti yẹ, èyí sì máa ń ba ibi tí ìrántí àti ìfarabalẹ̀ wà nínú ọpọlọ jẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọmọ á dákẹ́. Àwa tí a yin ọmọ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn pé ó jẹ́jẹ́, a kò mọ̀ pé ẹkún ni ó ti sú u.

Àwọn àgbẹ̀ inú wa yóò mọ ohun tí a ń wí. Àgbàdo tí ọ̀dá dá nígbà tí ó wà ní orókún, bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn náà, ewé rẹ̀ á tún tutù, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ.

ILÉ ŃLÁ TÍ WỌ́N KỌ́ NÍ RÒMÁNÍÀ

Àwọn ará wa kan ti dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé kan tí a óò kó àwọn ọmọ òrukàn sí. Ọkàn rere ni ó mú àbá yẹn wá. Kí a tó ra bíríkì, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ojú orílẹ̀-èdè kan rí.

Ní ọdún 1966, ìjọba Nicolae Ceaușescu ní Ròmáníà fi òfin de ìṣẹ́yún àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò ní agbára kó ọmọ wọn fún ìjọba. Nígbà tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọmọ tí ó lé ní 100,000 ni wọ́n bá nínú ilé ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òbí láyé, òṣì ni ó sọ wọ́n di ọmọ òrukàn. Òṣìṣẹ́ kan péré ni ó máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ ti ọmọ kan. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀ sọ pé ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù jù ni ìdákẹ́jẹ́ iyàrá àwọn ọmọ ọwọ́.

Ní ọdún 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Bucharest, olú-ìlú ibẹ̀. Ọmọ 136 tí ó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 31 ni wọ́n mú láti inú ilé ìtọ́jú 6. Wọ́n ṣẹ́ gègé: ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ nínú ilé, ìdajì dúró síbi tí wọ́n wà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní oṣù 54, wọ́n fi ìdánwò òye wọ̀n wọ́n, èyí tí 100 jẹ́ ìwọ̀n àárín rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi sí ilé ìtọ́jú ní nǹkan bí 73. Àwọn tí ó lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní 81. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọn kò gbé ilé ìtọ́jú rí ní 109. Ohun tí ó kan wa jù ni ti ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò ní oṣù 42, àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 18 ní nǹkan bí 94, àwọn tí ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2 kò ju nǹkan bí 80 lọ. Inú ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, ìfẹ́ kan náà: ìgbà tí ó dé ni ó yàtọ̀.

Ní ọdún 2004, Ròmáníà ṣe òfin pé kí wọ́n má ṣe fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò ní bàbá tí ó sì ní ìyá, kí a má ṣe fi owó sàká wa sọ ọ́ di ọmọ tí kò ní ìyá pẹ̀lú.

WÁKÀTÍ KAN LỌ́SẸ̀ NÍ JÀMÁÍKÀ

Ẹnì kan lè sọ pé Òyìnbó lówó, ohun tí wọ́n ṣe lè má ṣeé ṣe fún wa. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Jàmáíkà, láàárín àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ní àwọn àdúgbò tálákà ní Kingston, ní ọdún 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 129 jọ, tí wọ́n wà láàárín oṣù 9 sí 24, tí gíga gbogbo wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà 4. Àwọn kan ń gba oúnjẹ oníwàrà kílò kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń gba àlejò: òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, obìnrin tí kì í ṣe dókítà, ń lọ sí ilé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ ṣeré àti bí yóò ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń lo ohun ìṣeré tí wọ́n fi nǹkan inú ilé ṣe. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn kan kò gba ìkankan. Ọdún 2 ni wọ́n fi ṣe é.

Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún, wọ́n wá àwọn ọmọ wọ̀nyí kiri, wọ́n sì rí 105 nínú wọn. Wọ́n ti di ẹni ọdún 22 tí ó ń ṣiṣẹ́ jẹun. Níbi tí àwọn tí kò gba àlejò ti ń gba 100, àwọn tí ó gba àlejò ń gba nǹkan bí 125. Wọ́n ti bá àwọn tí kò kúrú ní kékeré dọ́gba nínú owó tí ó ń wọlé. Oúnjẹ nìkan, nígbà tí ó ti tó oṣù 9 sí 24 kí ó tó dé, ran ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ipa rẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ dàgbà.

Èyí kò sọ pé oúnjẹ kò wúlò. Ní Guatemala, láti 1969 sí 1977, wọ́n fún àwọn ọmọ ní àwọn abúlé kan ní ẹ̀kọ tí wọ́n fi wàrà àti èròjà aṣaralóore sí. Àwọn ọkùnrin tí ó mu ún kí wọ́n tó pé ọdún 2 ń gba owó tí ó fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lẹ́yìn ọdún 3 kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ dára, kí ó tètè dé ni. Ọ̀rọ̀ àti eré náà dára, kí wọ́n bá a rìn ni.

Ohun tí obìnrin Jàmáíkà yẹn ń gbé lọ sílé olúkúlùkù, àwọn ìyá wa ní in tẹ́lẹ̀. Kí a máa ki ọmọ ní oríkì, kí a pọ̀n ọ́n, kí a máa sọ orúkọ ohun tí a ń ṣe fún un bí a ti ń ro ọkà, kí a bá a ṣe bojúbojú, kí a pa àlọ́ fún un lálẹ́. Ohun tí ó ń gbà á lọ́wọ́ opó ni àìsinmi. Ẹni tí ó jí kúrò nílé ní aago 5 tí ó sì padà dé ní aago 8 alẹ́, ìgbà wo ni yóò ki ọmọ?

ÀWỌN TÍ Ó TI DÀGBÀ Ń KỌ́?

Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ òpin ọmọ. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí kì í ṣe àyànmọ́ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì ní kí a já àwọn tí ó ti kọjá ọdún 3 jù sílẹ̀. Ní Bucharest náà, ilé alágbàtọ́ ṣe àwọn tí ó pẹ́ dé lóore, pàápàá nínú ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ọkàn. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ á pọ̀ sí i, sùúrù á sì gùn sí i.

Ọmọ tí a ń sọ rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ wa. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń ṣeré ayò. Ó ti ń ka Fātihah láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbá gba wákàtí kan lọ́sẹ̀ ní ìgbà tí ó wà ní ọdún 1, ó ti ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí báyìí, a kò sì tíì dé ibi tí a ń lọ.

OHUN TÍ A Ń GBÉ SÍWÁJÚ ẸGBẸ́

A fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò tí ó ń bọ̀ jíròrò lórí àwọn ohun wọ̀nyí:

1. Kí òfin ọdún 6 parẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí a bá gbọ́ ikú bàbá ni kí a kọ orúkọ ọmọ, bí ó tilẹ̀ wà nínú oyún. Opó tí ó bá lóyún, kí a rí i pé ó ń lọ sí ibùdó ìlera, ó sì ń jẹun dáadáa, àní nígbà tí ó bá wà nínú ìdá opó.

2. Kí ìyá tí ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 máa gba owó oṣooṣù, kí ó lè dín ìrìn kù, kí ó sì fún ọmọ lọ́mú. Ẹ rántí pé Sūratut-Tawbah, ẹsẹ̀ 60, ka irú ènìyàn 8 tí sàká tọ́ sí, a kò sì dárúkọ ọmọ òrukàn nínú wọn. Àìní ni ó ń mú un wọlé. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ wádìí. Bí bàbá bá fi dúkìá sílẹ̀, ìyẹn ni a óò kọ́kọ́ fi tọ́ ọmọ, a ó sì ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó fẹ́ jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ inú Sūratun-Nisā'i, ẹsẹ̀ 10.

3. Kí a yé pín ògì tàbí ìrẹsì nìkan fún ilé tí ọmọ ọwọ́ wà. Láti oṣù 6, ògì ọmọ ń fẹ́ ẹ̀wà tàbí sóyà lílọ̀, edé gígún, ẹyin, epo díẹ̀ àti ẹ̀fọ́.

4. Kí àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ pín àdúgbò láàárín ara wọn, kí olúkúlùkù máa lọ bẹ ilé kan tàbí méjì wò fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kí wọ́n má lọ ṣe ìwádìí ẹ̀sùn. Kí wọ́n lọ bá ọmọ ṣeré níṣojú ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà, nítorí opó tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ kì í lè rẹ́rìn-ín sí ọmọ.

5. Kí a máa wo káàdì ìwọ̀n ọmọ, kí a sì ní okùn tí wọ́n fi ń wọn apá. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, ọmọ tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 ń fẹ́ àmójútó. Bí kò bá tó 11.5, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

6. Ọmọ tí kò ní ìyá àti bàbá, kí a wá mọ̀lẹ́bí tí yóò gbà á, kí a sì ran onítọ̀hún lọ́wọ́. Bí kò bá sí, kí a wá alágbàtọ́ tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ọmọ sì máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sūratul-Ahzāb, ẹsẹ̀ 5, ti là á sílẹ̀.

A mọ̀ pé èyí yóò ná wa ní nǹkan. Owó aṣọ iléèwé tí a ń pín ní gbangba lè dín kù ní ọdún kan tàbí méjì. Fọ́tò tí a máa ń tẹ̀ sínú ìwé yìí lè má dùn ún wò bíi ti àtẹ̀yìnwá, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ya fọ́tò ìyá tí ó jókòó sílé tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀yin olùtọrẹ ni a ń bẹ̀ pé kí ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ̀san yín wà lọ́dọ̀ Ẹni tí ó ń rí ohun tí ó pamọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́ ÀDÚGBÒ

1. Ọmọ òrukàn mélòó ni ó wà ní àdúgbò wa tí kò tíì pé ọdún 3, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́?
2. Ta ni ó ń tọ́jú ọmọ náà láti àárọ̀ dé alẹ́, ìgbà wo ni ẹnì kan sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?
3. Bí a bá wà ní ipò Sáyídínà Umar ní òru ọjọ́ náà, kí ni a ó yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́?

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá lórí àwọn ọmọ tí a rí tí a kò sì dúró tì. Kí Ó gba sàká àti sàárà yín ní iṣẹ́ rere. Kí Ó tu àwọn opó nínú, kí Ó fi àlùbáríkà sí ọmú ìyá, kí Ó sì fi wá pẹ̀lú Ànábì ní Àlùjánà, ní ìtòsí tí ó fi ìka rẹ̀ méjì júwe fún ẹni tí ó bá tọ́jú ọmọ òrukàn. Āmīn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́